Akọ Tàbí Abo? Ohun Tí Ọlọ́sìn Epìyà Ní Láti Mọ̀ Nípa Àjogúnbá Ẹja

Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ ni àwọn àgbà máa ń wí nígbà tí wọ́n bá rí ẹni tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó lè fi tọ́ wọn lọ. Bóyá ni ẹ̀dá kan wà nínú omi tí òwe yìí bá mu tó epìyà inú adágún ọ̀sìn. Ọlọ́sìn lè kó 1,000 ọmọ epìyà sínú omi, kí ó máa fún wọn lóúnjẹ fún oṣù mẹ́fà, kí ó sì máa retí ẹja tó kún ọwọ́. Lọ́jọ́ tó bá fa omi náà gbẹ, ó lè wá rí i pé ẹja rẹ̀ ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, pé wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, àti pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣeé gbé dé ọjà. Kì í ṣe olè ló jà á, kì í sì í ṣe àrùn ló kọlu ẹja rẹ̀. Àwọn abo tó wà láàrin wọn ló bímọ, oúnjẹ tó yẹ kó sọ ẹja díẹ̀ di ńlá ló sì di èyí tí ogunlọ́gọ̀ ẹja ń jà lé lórí.

Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ ohun tó ń sọ ẹja di akọ tàbí abo kò fi mọ sínú ìwé àwọn onímọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ oúnjẹ sì ni pẹ̀lú. Ó ti lé ní 60 ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá bí ọlọ́sìn yóò ṣe máa rí akọ epìyà nìkan kó sínú omi. Ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì ni wọ́n ti rí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó pé pérépéré nínú wọn, nítorí pé ẹja kò fi ọ̀rọ̀ akọ àti abo sábẹ́ àṣẹ ohun kan ṣoṣo.

Ìdí tí akọ fi níye lórí ju abo lọ

Epìyà tí wọ́n ń sìn jù lọ káàkiri ayé ni epìyà Odò Náílì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Oreochromis niloticus. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀, ó sì wà nínú àwọn odò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gan-an. Lónìí, orílẹ̀-èdè Ṣáínà ló ń sin epìyà jù lọ ní àgbáyé, Íjíbítì ló sì ṣíwájú ní Áfíríkà.

Abo epìyà yìí kì í yé ẹyin tán kó fi sílẹ̀ kó máa lọ. Akọ ni yóò kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò kékeré sí ìsàlẹ̀ omi. Abo yóò yé ẹyin síbẹ̀, akọ yóò tú àtọ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni abo yóò kó ẹyin náà sẹ́nu. Inú ẹnu yìí ni yóò ti pa wọ́n, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ yóò máa sá wọ̀ bí ewu bá dé. Ní gbogbo àsìkò yìí, ìyá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ tó bá jẹ sínú ẹyin mìíràn. Akọ kò ní irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀, ẹran ara ni oúnjẹ tirẹ̀ ń dà. Ìdí nìyí tí akọ fi máa ń tóbi ju abo lọ bí a bá kó wọn sínú omi lọ́jọ́ kan náà.

Èyí tó tún wá burú jù ni pé epìyà kì í dúró kó dàgbà tán kó tó bímọ. Láàrin oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, nígbà tí kò tíì tó tà, ó ti lè yé ẹyin. Bí àwọn ọmọ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú adágún, kò sí bí oúnjẹ ṣe lè pọ̀ tó tí yóò ká wọn.

Ọ̀nà kìn-ín-ní tí àwọn ọlọ́sìn gbà yanjú ọ̀ràn yìí ni kí wọ́n fi ọwọ́ ṣa akọ kúrò lára abo. Bí ẹja bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n gíráàmù 20 sí 30, ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ yóò yí i dojú ikùn sókè. Yàtọ̀ sí ihò ìdí, ihò kan ni akọ ní fún ìtọ̀ àti àtọ̀, ṣùgbọ́n ihò méjì ni abo ní, ọ̀kan fún ẹyin, èkejì fún ìtọ̀. Iṣẹ́ yìí kò nílò oògùn kankan, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, ojú máa ń ṣi nǹkan mú, àwọn abo tí wọ́n sì ti fi oúnjẹ tọ́ dé ìwọ̀n yẹn di àdánù.

Ohun tí ọmọ ẹja jogún

Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dá ni àwọn okùn tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ń pè ní krómósómù. Lára wọn ni jíìnì wà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ọmọ jogún láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Nínú ènìyàn, obìnrin ní krómósómù X méjì, ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Nítorí náà, ohun tí bàbá bá fún ọmọ ló ń sọ ohun tí ọmọ yóò jẹ́. Ní 1990 ni àwọn onímọ̀ rí jíìnì náà gan-an lórí Y, wọ́n sì sọ ọ́ ní SRY.

Ti adìyẹ yàtọ̀. Àkùkọ ló ní méjì tó bára mu, tí wọ́n ń pè ní ZZ, àgbébọ̀ ló sì ní Z àti W. Ìyá ló ń pín in níbẹ̀, kì í ṣe bàbá.

Ohun ìyanu ni pé ìlànà méjèèjì ló wà láàrin ìdílé epìyà. Epìyà Odò Náílì ń tẹ̀lé ti X àti Y bí ènìyàn. Ìbátan rẹ̀ kan, Oreochromis aureus, ń tẹ̀lé ti Z àti W bí adìyẹ. Ẹja méjèèjì yìí jọra débi pé wọ́n lè bá ara wọn bímọ, síbẹ̀ òfin akọ àti abo tí wọ́n ń tẹ̀lé kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ ní mímọ̀. Bí ọmọ ẹja bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, kò tíì ní ẹpọ̀n, kò sì tíì ní àpò ẹyin. Ohun tí yóò di ọ̀kan nínú méjèèjì ti wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì pinnu ọ̀nà tí yóò gbà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìpinnu náà ń wáyé. Jíìnì ló sábà máa ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí agbára mìíràn bá dé ní àsìkò yẹn, ó lè yí i padà. Ẹnu ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ń gbà wọlé.

Àdàlù ìran méjì

Ọ̀nà kejì wá láti ìlú Malacca, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Màléṣíà lónìí. Ní 1960, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, C. F. Hickling, kọ ìròyìn nípa epìyà ìran méjì tó mú bá ara wọn bímọ níbẹ̀. Ó fi abo epìyà Mòsáḿbíìkì fún akọ epìyà tí wọ́n kó wá láti Zanzibar, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ló sì jẹ́ akọ. Nígbà tó yí i padà, tó fi abo ti Zanzibar fún akọ ti Mòsáḿbíìkì, akọ mẹ́ta sí abo kan ló rí.

Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe lẹ́yìn náà ni pé abo Mòsáḿbíìkì jẹ́ XX, akọ Zanzibar sì jẹ́ ZZ. Gbogbo ọmọ wọn yóò jogún X kan àti Z kan, Z yìí sì lágbára tó láti sọ wọ́n di akọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú abo epìyà Náílì àti akọ Oreochromis aureus, pàápàá ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì.

Ìṣòro ọ̀nà yìí ni pé òbí méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ògidì. Bí ẹja kan tó ti ní àdàlù nínú ẹ̀jẹ̀ bá yọ́ wọ àárín àwọn òbí, abo yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú láàrin àwọn ọmọ. Epìyà mọ̀ ọ́n fò láti inú adágún kan sí èkejì, àwọn òṣìṣẹ́ sì lè gbàgbé ẹyọ kan sínú àwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ ni èsì rẹ̀ ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Họ́mọ́ọ̀nù: ó yí ara padà, kò yí àjogúnbá padà

Ní 1953, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì kan, Toki-o Yamamoto, fi hàn pé ẹja lè jẹ́ akọ nínú àjogúnbá kó sì di abo nínú ara. Ẹja kékeré kan tó ń jẹ́ medaka ló lò. Ó po họ́mọ́ọ̀nù abo mọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ ẹja láti kékeré, àwọn tó jẹ́ XY láàrin wọn sì dàgbà di abo tó ń yé ẹyin tó ń di ọmọ.

Ìmọ̀ yìí ni wọ́n yí padà fún epìyà, èyí ló sì di ọ̀nà kẹta, tó gbilẹ̀ jù lọ títí di òní. Họ́mọ́ọ̀nù akọ kan, methyltestosterone, ni wọ́n máa ń po mọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ epìyà láti ìgbà tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni mílígíráàmù 60 nínú kílò oúnjẹ kan, fún ọjọ́ 21 sí 28. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, akọ máa ń tó 95 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń jẹ ẹja máa ń bẹ̀rù pé họ́mọ́ọ̀nù náà lè wà nínú ẹja tí wọ́n rà. Ẹja kò tíì tó gíráàmù kan nígbà tí wọ́n bá ń fún un, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì máa ń kọjá kó tó dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé oògùn náà máa ń kúrò lára ẹja kíákíá bí wọ́n bá ti dá a dúró. Àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra jù ni òṣìṣẹ́ tó ń po oúnjẹ náà, nítorí pé ó lè gba awọ ara tàbí imú wọlé, àti ẹni tó ń da omi adágún náà sínú odò. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú ṣe pàtàkì níbẹ̀.

Ewu mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn kò fura sí. Họ́mọ́ọ̀nù kì í fi ọwọ́ kan krómósómù. Bí ọmọ XX bá di akọ nípa oúnjẹ, XX náà ló ṣì jẹ́, X nìkan ló sì wà nínú àtọ̀ rẹ̀. Ọlọ́sìn tó bá ṣa àwọn akọ tó tóbi nínú irú ẹja bẹ́ẹ̀, tó fi wọ́n ṣe bàbá, tó sì fẹ́ abo XX fún wọn, lè rí i pé abo ni gbogbo ọmọ tàbí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó ń sá fún gan-an ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Akọ oní-Y méjì

Ọ̀nà kẹrin lo ìmọ̀ Yamamoto lọ́nà mìíràn. Dípò kí wọ́n fún ẹja tí wọn yóò tà ní họ́mọ́ọ̀nù, òbí àgbà rẹ̀ ni wọ́n fún. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Swansea ní ilẹ̀ Wales ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìwádìí kan ní 1989, lẹ́yìn náà ni àwọn àti Central Luzon State University ní ilẹ̀ Philippines sọ ọ́ di iṣẹ́ tí àwọn ọlọ́sìn lè rí lò.

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ fi họ́mọ́ọ̀nù abo sọ ọmọ XY di abo. Wọ́n wá fi abo XY yìí fún akọ XY tòótọ́. Láàrin ọmọ mẹ́rin tí wọ́n bá bí, ọ̀kan yóò jẹ́ XX, méjì yóò jẹ́ XY, ọ̀kan yóò sì jogún Y lọ́dọ̀ òbí méjèèjì. YY nìyẹn. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀ láàrin àwọn akọ yòókù, nítorí náà wọ́n ní láti fún akọ kọ̀ọ̀kan ní abo, kí wọ́n sì dúró wo ọmọ tí yóò bí. Èyí tó bá ń bí akọ nìkan lábẹ́ abo XX ni YY, nítorí pé kò ní X tó lè fún ọmọ.

Bí wọ́n bá ti rí àwọn YY, wọ́n lè sọ díẹ̀ nínú wọn di abo bákan náà, kí wọ́n sì fi wọ́n fún akọ YY, kí gbogbo ọmọ wọn lè jẹ́ YY. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń tà fún ẹni tó ń pa ọmọ ẹja tà. Akọ YY pẹ̀lú abo XX lásán yóò bí ọmọ XY, akọ gidi tí kò fi ẹnu kan họ́mọ́ọ̀nù rí. Kò sí jíìnì àjèjì tí wọ́n fi sí i lára; yíyan òbí lásán ni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń gba ìran ẹja mélòó kan àti sùúrù kí YY tó dúró, ìran tí kò bá sì mọ́ yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ìdí tí kò fi tó ọgọ́rùn-ún

Bí X àti Y bá jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, akọ YY kò ní bí abo kankan láéláé. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ti Philippines, abo díẹ̀ ṣì ń yọjú. Ohun méjì ló fà á.

Èkíní ni ooru omi. Ní 1995 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé fi hàn pé bí ọmọ epìyà Náílì bá wà nínú omi tó gbóná tó nǹkan bí 36°C láti bí ọjọ́ kẹwàá ìgbésí ayé rẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ XX lè di akọ. Kì í ṣe gbogbo ìdílé ẹja ni ooru náà ń mú bákan náà. Àwọn kan a gbà, àwọn kan kò ní gbà, ọmọ sì máa ń jogún ìwà yìí.

Èkejì ni pé jíìnì tó ń pàṣẹ kò wà lójú kan. Ní 2015 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà fi hàn pé jíìnì kan tó ń jẹ́ amh, èyí tí ènìyàn náà ní irú rẹ̀, ti di ìlọ́po lórí krómósómù Y epìyà Náílì. Nígbà tí wọ́n ba ẹ̀dà orí Y yìí jẹ́, ọmọ XY di abo. Nígbà tí wọ́n fi í sínú ọmọ XX, ó di akọ. Síbẹ̀, nínú àwọn ìran epìyà Náílì mìíràn, orí krómósómù mìíràn ni wọ́n ti rí àṣẹ náà. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ fún ẹja ibì kan lè má ṣiṣẹ́ fún ti ibòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni láàrin ẹja yòókù. Jíìnì tó ń pàṣẹ nínú medaka, tí wọ́n rí ní 2002, yàtọ̀ sí ti ẹja trout, tí wọ́n rí ní 2012, méjèèjì kò sì jọ SRY ti ènìyàn.

Níbi tí abo ti níye lórí, àti ọ̀rọ̀ ẹja àrọ̀

Kì í ṣe gbogbo ọlọ́sìn ló ń wá akọ. Akọ trout máa ń tètè balẹ̀gà, ẹran ara rẹ̀ a sì bàjẹ́ kó tó tóbi tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Nítorí náà abo ni wọ́n ń fẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n máa ń sọ XX di akọ, wọ́n á sì fi ṣe bàbá, kí abo nìkan lè jáde. Àṣìṣe tó lè ba ọlọ́sìn epìyà jẹ́ ni ọlọ́sìn trout mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe.

Ní Nàìjíríà, ẹja àrọ̀ ló gba iwájú nínú ọ̀sìn ẹja, ọ̀rọ̀ ìbímọ sì wà lára ìdí rẹ̀. Ẹja àrọ̀ kì í sábà yé ẹyin fúnra rẹ̀ nínú adágún. Wọ́n ní láti gún abo ní abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó tẹ ẹyin jáde, akọ ni wọ́n sì sábà máa ń pa kí wọ́n lè rí àtọ̀ inú rẹ̀ lò. Ọlọ́sìn ẹja àrọ̀ kì í fa omi gbẹ kó bá ọmọ tí kò kó síbẹ̀. Ọlọ́sìn epìyà kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ra ọmọ epìyà bèèrè

Bí ẹni tó ń ta ọmọ ẹja bá sọ pé akọ ni gbogbo rẹ̀, ọ̀nà wo ló gbà rí wọn? Bó bá jẹ́ họ́mọ́ọ̀nù, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi jẹ ẹ́, ṣé láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ jẹun sì ni? Bó bá jẹ́ YY, níbo ni àwọn bàbá náà ti wá, ṣé wọ́n sì ti dán ọmọ wọn wò? Àyẹ̀wò kan wà tí kò nira: wọ́n a mú nǹkan bí 100 ọmọ ẹja, wọ́n a yọ ohun tí yóò di ẹpọ̀n tàbí àpò ẹyin, wọ́n a fi àwọ̀ pupa kan kùn ún, wọ́n a sì kà á lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa yóò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n nínú 1,000 ẹja, abo 50 nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá bí 200 ọmọ péré lẹ́ẹ̀kan, 10,000 ẹnu tuntun ló ti wọ inú omi. Nítorí náà, kí ọlọ́sìn máa kó ẹja rẹ̀ tà kí wọ́n tó bí ìran kejì, tàbí kí ó fi ìwọ̀nba ẹja àrọ̀ sínú adágún kí wọ́n lè máa jẹ ọmọ wẹ́wẹ́ tó bá yọjú. Kò sì gbọdọ̀ fi ẹja tó ti jẹ họ́mọ́ọ̀nù ṣe òbí, bó ti wù kí ó tóbi tó.